Píìkì tó fẹ̀ nínú kápílárì monolith: ṣé iná tó lọ ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Láàbù kan lápá Sámọ́ńdà, n'Ìbàdàn, ni mo wà. Mo fi butyl methacrylate ṣe monolith (odindi polima oníhò tó ń ya àwọn kẹ́míkà sọ́tọ̀ nínú kromatógíráfì) sínú kápílárì, ìyẹn páìpù tín-ín-rín tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó 100 µm, 15 sẹ̀ǹtímítà ni gígùn rẹ̀. Ó wà nínú omi gbígbóná 60 °C nígbà tí iná lọ, wákàtí méjì sì kọjá kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀. Ní báyìí, gbogbo píìkì mi (òkè tí ẹ̀rọ ń yà fún kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde) tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ṣé kí n dà á nù ni?

Ìdáhùn: Má tíì dà á nù. Iná ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ bú níbí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹlẹ́bi lè wà níbòmíràn. Fi thiourea, tí monolith kì í dá dúró, sí i, kí o fi píìkì rẹ̀ wé àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó jáde. Tó bá jẹ́ àwọn tó tètè jáde ló bàjẹ́ jù, ìta kápílárì ni kí o lọ wò. Mélòó lò ń fi sí i lẹ́ẹ̀kan?

Ìbéèrè: 1 µL ni loop wa (páìpù tó ń wọn ohun tí a fẹ́ yà kó tó wọ kápílárì), mà.

Ìdáhùn: Háà! Kápílárì tó ṣófo pátápátá, tó gùn tó tìrẹ, bíi 1.2 µL péré ló ń gbà. Monolith sì ti gba àyè nínú rẹ̀. Bí ẹni da garawa omi sínú ife ni. Má jẹ́ kó ju 20 nL lọ, kí o sì lo páìpù 25 µm, kó kúrú.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Thiourea ti gún régé díẹ̀, àmọ́ gbogbo píìkì ṣì ń fẹ̀, prẹ́ṣọ̀ náà sì kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gé orí kápílárì, mo wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù: àlàfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ògiri.

Ìdáhùn: Ẹ̀kọ ti yọ lára ewé nìyẹn. Polima máa ń sún kì bó ṣe ń dì. Bí ohunkóhun kò bá so ó mọ́ ògiri, á já kúrò, omi á sì gba ibi àlàfo kọjá. Ṣé o fi γ-MAPS, kẹ́míkà tó ń so polima mọ́ ògiri, tọ́jú ògiri gíláàsì yẹn, lẹ́yìn tí o ti fi NaOH àti HCl fọ̀ ọ́?

Ìbéèrè: Rárá mà. Mo kàn fọ̀ ọ́ ni.

Ìdáhùn: Èyí kò ṣeé tún ṣe mọ́, ṣe òmíràn. Iná náà kò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀ o: bí ooru bá yí padà, ihò inú monolith náà á yí padà. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ tí epo jẹnẹrétọ̀ kò bá tó wákàtí 20. Fi nitrogen lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú àpòpọ̀ náà kí o tó dà á sínú kápílárì, torí oxygen kì í jẹ́ kó dì dáadáa.

Ìbéèrè: Ṣé yóò wá ya toluene àti ethylbenzene sọ́tọ̀ kedere?

Ìdáhùn: Níwọ̀nba. Purotéènì ni irú monolith yìí mọ̀ ọ́n yà. Fún ohun kéékèèké bẹ́ẹ̀, silica ni kí o wá.