Ìdò Mi Kò Tanná Mọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọgbà o. Ìdò pupa tí màmá mi gbìn síwájú ilé wa n'Íbàdàn ti pé ọdún 6. Tẹ́lẹ̀, bí a bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, òdòdó rẹ̀ la máa kọ́kọ́ rí. Láti èṣín, ewé nìkan ló kù, ó ga fíofío, ó sì ki bí igbó. Mo ra yúríà, mo fọ́n ọn sí i, síbẹ̀ kò tanná. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọkàn rẹ balẹ̀, ìdò náà kò ṣàìsàn. Àyè ló há a mọ́. Abẹ́ ilẹ̀ ni ìdò ti ń bímọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Iṣu rẹ̀ rí kókókó bí ata-ilẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan ló sì fẹ́ di igi. Ọdún 6 láìtú u ti pọ̀ jù. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni èmi máa ń tú tèmi. Bí wọ́n bá ti fún ara wọn pọ̀, ṣe ni wọ́n á máa ga láti wá oòrùn, agbára tí wọ́n ì bá fi tanná á bá ìyẹn lọ. Yúríà yẹn náà tún dá kún un, torí ewé ló ń mú yọ. Dá a dúró.

Dúró de àkọ́rọ̀ òjò, láàárín Ẹrẹ́nà sí Igbe. Gé àwọn igi náà lulẹ̀, kí ó ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ yí ká, kí o gbé odindi ìdì náà sókè, kí o sì fọ iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù. Iṣu tó dáa máa ń le, inú rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ á yọ ṣóńṣó, á pọ́n díẹ̀. Èyí tó bá ti rọ̀, tó ń rùn, jù ú nù. Gé ìyókù kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú 2 tàbí 3. Sin wọ́n jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí wọ́n sì fi nǹkan bíi 50 jìnnà síra. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa ti tó o ní ajílẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè kó díẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò?

Ìdáhùn: Á hù, àmọ́ òdòdó rẹ̀ kò ní tó nǹkan. Ó fẹ́ oòrùn wákàtí 6 lóòjọ́, ó sì fẹ́ omi.

Ìbéèrè: Igi tó bá ti tanná tán ńkọ́?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé nìyẹn. Igi kan kì í tanná lọ títí. Bí ó bá ti so èso tán, ó ti parí tirẹ̀. Gé e mọ́lẹ̀ kí ọmọ tó wà nídìí rẹ̀ lè rọ́nà jáde. O lè dá ọ̀kan sí fún èso o. Èso ìdò dúdú, ó rí roboto, ó le débi pé wọ́n ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Bí o bá fẹ́ gbìn ín, fi òkúta ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan títí funfun inú á fi hàn, kí o rẹ ẹ́ sómi mọ́jú.

Ìbéèrè: Àwọn ewé kan ní ihò tó tò tẹ̀léra gbọọrọ bí ẹni fi rúlà fà á. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Kòkòrò ló jẹ ẹ́ nígbà tí ewé ṣì wà ní kíká. Ẹnu kan ló fi lu gbogbo ìpele rẹ̀, ìgbà tí ewé wá tú ni ihò tò. Máa yẹ ewé tuntun wò láàárọ̀. Èyí tó bá ká tí kò tú, fọwọ́ rọra tú u, wàá bá kòkòrò náà nínú ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú dúdú. Ṣà á pa. Lẹ́ẹ̀rùn, tata náà máa dé, omi ewé dóńgóyárò tí o gún tí o sì sẹ́ ni kí o fi wọ́n ọn.

Ìbéèrè: Ìlà yẹ́lò tó gba inú ewé kọjá lára ìdì kan ńkọ́?

Ìdáhùn: Bí ìlà náà bá ń tẹ̀ lé iṣan ewé, tí ewé tuntun náà sì ń bá a yọ, fáírọ́ọ̀sì nìyẹn, kò sì lóògùn. Ó dùn mí láti sọ ọ́, nítorí màmá ló gbìn ín, àmọ́ hú ìdì yẹn tiṣutiṣu, kí o sun ún. Fi ọṣẹ fọ ọ̀bẹ àti ọkọ́ kí o tó kan ìdì mìíràn. Bí aládùúgbò bá sì wá tọrọ ọmọ ìdò, inú ìdì tí ewé rẹ̀ mọ́ ni kí o ti gé e fún un.