Ẹ má tíì dá safety tuntun lẹ́jọ́: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Gbogbo oṣù Kẹsàn-án ni ẹjọ́ yìí máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ní NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, á ti mú ọmọ kan nínú draft oṣù Kẹrin, ètò tí wọ́n fi ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun, wọ́n á fi í sí ipò safety, ìyẹn ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pátápátá nínú ìdènà, á gbá eré méjì tàbí mẹ́ta, kíá làwọn kan á ti ní owó ẹgbẹ́ náà ti wọgbó. Àwọn mìíràn á ní irú rẹ̀ kò tíì sí rí. Ìkánjú méjèèjì ló ń dùn mí, torí pé nínú àwọn mọ́kànlá tó ń dènà, mi ò rí ipò tó ṣòro fi ojú tẹlifíṣàn wò tó ti safety.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ Kyle Hamilton. Baltimore Ravens mú un ní ipò kẹrìnlá nínú draft ọdún 2022. Àwọn kan ti ń kùn tẹ́lẹ̀ pé kò yára tó, nítorí pé ìṣẹ́jú àáyá 4.59 ló fi sáré ogójì yáàdì níbi ìdánwò wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án, nínú eré kejì rẹ̀, Ravens ń na Miami Dolphins ní 35 sí 14 nígbà tí ìdá kẹrin eré bẹ̀rẹ̀. Dolphins fi 42 sí 38 borí. Tyreek Hill ti Dolphins nìkan fi bọ́ọ̀lù yáàdì 48 àti yáàdì 60 wọlé nínú ìdá kẹrin yẹn, kò sì sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, orúkọ Hamilton ti wà lára àwọn tí wọ́n ń nà lẹ́gba ọ̀rọ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́jọ́ náà? Kyle Fuller tó jẹ́ cornerback, ẹni tó ń ṣọ́ àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ti fi orúnkún ṣèṣe ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, sáà rẹ̀ ti parí síbẹ̀. Ọmọ tuntun méjì mìíràn, Jalyn Armour-Davis àti Damarion Williams, ni wọ́n ń lò láti dí àlàfo. Mike Macdonald tó ń darí ìdènà Ravens, eré kejì rẹ̀ nìyẹn nínú iṣẹ́ náà ní NFL. Bí Hill bá wá sá kọjá, ó ṣeé ṣe kí cornerback ti jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé ẹnì kan wà lẹ́yìn. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó wà lẹ́yìn ti gba àṣẹ pé kó máa ṣọ́ ẹlòmíràn. Àwọn tó wà nínú yàrá ìpàdé wọn nìkan ló mọ ẹni tó ṣẹ̀. Àwa tó wà nílé, ẹni tí kámẹ́rà bá nítòsí Hill la dì mọ́. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Àṣìṣe tí mo kórìíra jù nìyẹn: ká máa ka ẹ̀bi sí ẹni tó sún mọ́ ibi ìjàǹbá jù lọ́rùn. Safety tó ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn lè jẹ́ ẹni tó ń gbìyànjú láti bo àṣìṣe ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Kò dé bá a lásìkò, ojú rẹ̀ ló wá kún tẹlifíṣàn.

Ravens kò gbé Hamilton jù nù o. Wọ́n fà á sún mọ́ iwájú, wọ́n ní kó máa ṣọ́ receiver (ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù) tó dúró sínú, kó máa kojú àwọn tó gbé bọ́ọ̀lù sáré, kó sì máa yọ lójijì sí quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 2023 ó gbá quarterback Indianapolis Colts mú lẹ́ẹ̀mẹta nínú eré kan ṣoṣo, ó sì wọ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ All-Pro, àwọn tí wọ́n yàn pé wọ́n dára jù lọ ní ipò wọn, lópin sáà. Ní 2025 wọ́n fún un ní àdéhùn tuntun tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là. Ọmọ tí wọ́n ní kò lè sáré ni o.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tó wọ inú ìtàn yìí, ó yẹ ká dúró lórí rẹ̀. Lórí tẹlifíṣàn, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń tẹ̀lé. Safety tó wà ní yáàdì méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn kì í sábà sí nínú àwòrán àfi tí bọ́ọ̀lù bá lọ bá a. Ẹ wo eré kan báyìí: safety méjì dúró sẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí bọ́ọ̀lù ṣe kúrò nílẹ̀, ọ̀kan já wá síwájú, èkejì tó jẹ́ ọmọ tuntun sì yíra sí àárín gbùngbùn. Ibẹ̀ ni quarterback ti pinnu láti ju bọ́ọ̀lù gígùn sí. Ó gbójú sókè, ó rí i pé ènìyàn ti wà níbẹ̀, ó yíjú, ó ju bọ́ọ̀lù kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, yáàdì mẹ́rin péré. Linebacker, ẹni tó ń dènà níwájú safety, gbé ẹni tó gbà á ṣubú, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yin linebacker. Ọmọ tó ba ète quarterback jẹ́ kò hàn rárá, kò sì sí nọ́ńbà kankan tó wọlé sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ogún nínú eré kan, àwa á ní a kò rí i lónìí.

Láti ọdún 2012 ni NFL ti ń jẹ́ kí àwọn ará ìta sanwó wo fídíò All-22, èyí tó ń fi gbogbo àwọn méjìlélógún hàn láti òkè. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ safety, kó kọ́kọ́ wo èyí. Síbẹ̀, fídíò náà kò lè sọ àṣẹ tí wọ́n pa fún ọmọ náà, ẹ rántí.

Nọ́ńbà náà ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ̀yin tó máa ń sọ pé safety kan gbé èèyàn mẹ́wàá ṣubú, nítorí náà ó ń gbá dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ara yín pé ibo ló ti gbé wọn ṣubú. Bí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sáré bá ń kọjá àwọn tó wà níwájú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, dandan ni kí safety máa rí iṣẹ́ ṣe. Bí receiver tó ń ṣọ́ bá sì gba bọ́ọ̀lù lójú rẹ̀ kó tó gbé e ṣubú, àkọsílẹ̀ á fún un ní ọ̀kan.

Jíjá bọ́ọ̀lù tí quarterback alátakò jù gbà burú ju èyí lọ, torí pé ó dùn ún wò. Jairus Byrd já mẹ́sàn-án gbà fún Buffalo Bills ní ọdún 2009, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní ọdún kejì, ẹyọ kan péré. Ọgbọ́n eré rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Ibi tí bọ́ọ̀lù bá já sí ló yí padà. Brian Branch ti Detroit Lions náà, eré àkọ́kọ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ó gba bọ́ọ̀lù tí Patrick Mahomes, quarterback Kansas City Chiefs, jù, ó sì sáré yáàdì àádọ́ta wọlé. Mo yọ̀ lọ́jọ́ náà bí gbogbo ayé ṣe yọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Kadarius Toney, receiver Chiefs, ni bọ́ọ̀lù yẹn ti ta wá sọ́wọ́ rẹ̀. Branch mọ bọ́ọ̀lù ní tòótọ́, ìyókù sáà rẹ̀ ló sì fi èyí hàn, kì í ṣe ọwọ́ Toney.

Eré ìmúrasílẹ̀ oṣù Kẹjọ kò yẹ ká fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Àwọn ògbóǹtarìgì ń sinmi, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá sì ń fi ètò gidi wọn pamọ́.

Àṣìṣe kan tún wà tó jẹ́ ìwà ìkà: ká fi eré kan ṣoṣo pa gbogbo sáà ọmọ rẹ́. Marcus Williams ti New Orleans Saints já bọ́ọ̀lù mẹ́rin gbà nínú sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 2017. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní 2018, ó tún gba ọ̀kan lọ́wọ́ Minnesota Vikings. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ló kù, Saints ń borí ní 24 sí 23, nígbà tí Stefon Diggs ti Vikings fò sókè gba bọ́ọ̀lù létí pápá. Williams tẹrí ba, ó wọlé sábẹ́ rẹ̀, kò bá a, Diggs sáré lọ wọlé. Títí dòní, àṣìṣe yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn ń rántí bí wọ́n bá dárúkọ Williams. Ní ọdún 2022, Ravens fún un ní àdéhùn ọdún márùn-ún tó tó àádọ́rin mílíọ̀nù dọ́là, torí pé àwọn tó ń sanwó ka gbogbo eré tó kù.

Bí ọmọ náà kò bá tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré, ẹ má tíì sọ pé ó ti kùnà. Troy Polamalu gbá eré mẹ́rìndínlógún fún Pittsburgh Steelers ní 2003, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, láìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kankan, kò sì já bọ́ọ̀lù kankan gbà. Wọ́n yàn án ní agbábọ́ọ̀lù ìdènà tó dára jù lọ ní 2010, wọ́n sì mú un wọ Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni bọ́ọ̀lù náà, nínú ọ̀wọ́ ọdún 2020.

Kí wá ni ká máa wò? Ẹ wo ibi tí wọ́n ń gbé e dúró sí, kẹ́ ẹ má baà fi ẹni tí wọ́n ní kó wà nítòsí ìlà tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀ wé ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Ẹ wo ọ̀nà tó ń gbà sáré pàdé ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù, bóyá ó ń dí i mọ́ etí pápá tàbí ó ń ṣí àárín sílẹ̀ fún un. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀: ṣé òun ló ń nawọ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń tún ipò wọn tò, tàbí àwọn ni wọ́n ń pè é? Bí àṣìṣe kan náà bá ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe tuntun ló ń ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá sì ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀, ẹ fún un láyè títí sáà eré mẹ́tàdínlógún náà yóò fi parí, kẹ́ ẹ tó wá máa bá mi jiyàn.