Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo: bí a ṣe rí kòtò àgbàrá wa kó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin)

Àpò ìyẹ̀fun méje ni omi bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ní oṣù kẹfà, àpò ìrẹsì mẹ́ta sì tẹ̀lé e. Kòtò àgbàrá iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ti dí pa. Òjò òru kan péré, omi ti wọlé. Owó èèsú wa ni mo fi ra ọjà náà. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì arọ́ńdísímà wa, ìyẹn ẹkùn ìlú tí àdúgbò wa wà. Márùn-ún ni arọ́ńdísímà tó wà nílùú yìí, mi ò ní sọ èyí tó jẹ́ tiwa. Olórí àdúgbò fọwọ́ sí i láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé e lọ, wọ́n gbà á, wọ́n ní àwọn á pè mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Mo padà lọ. Wọ́n yẹ ìwé ńlá wọn wò títí, lẹ́tà mi ò sí níbẹ̀. "Ìyá, décharge yín dà?" Ẹ̀dà lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ wọn ni wọ́n ń bèèrè. Mi ò ní. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni mo mú lọ níjọ́sí. Ẹ̀dà méjì ló yẹ kéèyàn mú lọ: wọ́n á gba ọ̀kan, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí èkejì pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà, wọ́n á dá a padà fún un. Ẹni tó gba lẹ́tà lọ́wọ́ mi mọ èyí, kò sọ fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gun zémìjàn, ọ̀kadà wa, lọ síbẹ̀ lásán, òjò sì tún wọ ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo ní kí gbogbo wa jọ kọ lẹ́tà kejì. Àwọn aládùúgbò kọ̀. Bàbá Àlàájì tó kọjú sí mi ní, "Ọmọ mi, owó pàǹtí tá a dá níjọ́sí, ta ló mọ ibi tó wọlé sí?" Mi ò bá wọn jiyàn, torí èmi náà dá nínú owó yẹn. Mo ní ẹnikẹ́ni ò ní san kọ́bọ̀, àti pé mo máa mú ìwé tó ní òǹtẹ̀ wá hàn wọ́n. Ènìyàn mẹ́sàn-án péré ló fọwọ́ sí i.

Tíṣà kan ládùúgbò ló là mí lójú pé látìgbà òfin 2021, secrétaire exécutif (akọ̀wé àgbà) ló ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, kì í ṣe mérì tó jẹ́ olórí ìlú mọ́. A fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí i. Mi ò kúrò nídìí tábìlì títí wọ́n fi lu òǹtẹ̀ náà. Nígbà tí Bàbá Àlàájì fi ojú ara wọn rí ọjọ́ àti nọ́ńbà, wọ́n ní kí n mú bírò wá. Ìwé kejì kún fún orúkọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Orí mi wú!

Ní ọjọ́ kejìdínlógún lẹ́yìn òǹtẹ̀ náà, àwọn òṣìṣẹ́ dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì.

Ká ní mo mọ̀ ni, oṣù kejì tí ilẹ̀ ṣì gbẹ ni mi ò bá ti kọ lẹ́tà, mi ò bá sì ti ya fọ́tò kòtò náà mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni ò san owó ìyẹ̀fun mi padà. Ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ náà wà nínú àpótí owó mi. Bàbá Àlàájì yá a lánàá, wọ́n fẹ́ wo bí a ṣe kọ ọ́, nítorí iná títì tó ti kú lójúlé tiwọn.