Bí Ẹ Ṣe Lè Máa Kó Àwọn Ìwé Ńlá Tó Ń Ṣàfihàn Ojúlówó Àwòrán Kọ́míìkì Jọ

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí irú ìwé yìí síwájú àbúrò mi ọkùnrin, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé dúdú àti funfun lásán lẹ wá kó gbogbo owó yẹn lé lórí?" Mi ò bá a jiyàn, mo kàn ní kó tẹrí ba sún mọ́ ọn. Kò pẹ́ tó fi rí i pé dúdú tó wà níbẹ̀ kì í ṣe dúdú kan ṣoṣo, pé ó fẹ́lẹ́ níbi tí tàdáwà ti ń tán lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì, ó sì ṣú dùdù níbi tí ayàwòrán ti padà kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ó rí ìlà pẹ́ńsù búlúù lábẹ́ ojú akọni inú ìtàn náà, ó sì rí ọ̀dà funfun tí wọ́n fi pa ìka ọwọ́ kan rẹ́ kí wọ́n tó tún un yà. Ló bá pariwo, "Háà! Àṣé àwọn náà máa ń ṣàṣìṣe!" Ohun tí à ń sanwó fún gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìtàn nìkan ló fẹ́ kà, ẹ̀dà kékeré olówó pọ́ọ́kú tó ní àwọ̀ mèremère yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn jù ú lọ. Ẹni tó fẹ́ rí bí ọwọ́ ṣe ṣiṣẹ́ ni ìwé ńlá yìí wà fún.

Ilé ìtẹ̀wé IDW ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ irú èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ lónìí, lọ́dún 2010, lábẹ́ olótùú kan tó ń jẹ́ Scott Dunbier. Iṣẹ́ Dave Stevens, ẹni tó ya ìtàn kọ́míìkì The Rocketeer tó sì ti kú lọ́dún 2008, ni wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́, wọ́n sì pe orúkọ ìwé náà ní Artist's Edition. Ọgbọ́n tí wọ́n dá rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti ṣe: wọ́n wá páálí tí ayàwòrán fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàwòrán lé lórí, wọ́n fi ẹ̀rọ ya á gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ya fọ́tò aláwọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tàdáwà dúdú ló wà lórí rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n tí páálí náà wà gan-an, láìdín kù, láìfọ àbàwọ́n kankan kúrò. Nítorí náà ni gbogbo ohun tí òǹkàwé ìgbà náà kò gbọdọ̀ rí fi wá hàn kedere.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí búlúù fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà tí àwọn atẹ̀wé ìgbà náà ń lò kì í rí búlúù tó bá mọ́lẹ̀ díẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ayàwòrán lè fi pẹ́ńsù búlúù ṣe ìdánwò bó ṣe wù ú, kí olótùú sì kọ àṣẹ sí etí ojú-ìwé, láìsí pé ẹnikẹ́ni ní láti pa á rẹ́. Ọ̀dà funfun náà kò hàn nígbà tí wọ́n bá tẹ ìwé tán. Bẹ́ẹ̀ ni bébà kékeré tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, tí wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ páálí nígbà tí olótùú bá yí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan padà. Gọ́ọ̀mù náà ti pọ́n lónìí bí epo tó ti pẹ́, ó sì jẹ́ kí a mọ ibi tí wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wa.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ kọ́kọ́ mọ orúkọ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti ń ṣì rà. Orúkọ mẹ́ta ni IDW ń lò, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Artist's Edition ni èyí tí mo ti ń sọ bọ̀, tó ní ìwọ̀n ojúlówó, tó sì sábà máa ń ní odindi ìtàn nínú. Artifact Edition náà tóbi bákan náà, ṣùgbọ́n àkójọ àwọn ojú-ìwé tí wọ́n rí ṣà jọ ni, kì í ṣe ìtàn tó pé. Bí ti ìtàn kọ́míìkì Watchmen ṣe rí nìyẹn. Artisan Edition ni kékeré wọn, tí kò ju nǹkan bí íǹṣì 8 sí 12 lọ, tí èèpo rẹ̀ rọ̀, tí owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Mi ò fi Artisan ṣe yẹ̀yẹ́ o, òun gan-an ni mo máa ń gba ẹni tí kò tíì dá lójú nímọ̀ràn láti fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó burú ni kí ènìyàn san owó ńlá, kó wá gba kékeré nítorí pé kò fara balẹ̀ ka lẹ́tà díẹ̀ tó yàtọ̀ nínú orúkọ. Àwọn ilé ìtẹ̀wé mìíràn náà ní tiwọn: Graphitti Designs ń lo Gallery Edition fún àwọn iṣẹ́ DC, ilé iṣẹ́ kọ́míìkì tó ni Superman, Fantagraphics sì ń lo Studio Edition. Orúkọ yòówù kó jẹ́, gbólóhùn tí ẹ gbọdọ̀ wá nínú àlàyé tí olùtajà ṣe ni èyí tó sọ pé láti ara ojúlówó páálí ni wọ́n ti ya á, pé wọ́n sì ya á ní aláwọ̀. Ìwé tóbi lásán kò túmọ̀ sí ohunkóhun. Ìwé kan lè tóbi bí ilẹ̀kùn kó sì jẹ́ àwòrán tí wọ́n fẹ̀ láti inú ìwé mìíràn ni wọ́n kó sínú rẹ̀.

Ìwọ̀n náà ní ìtàn tirẹ̀. Ṣáájú nǹkan bí 1967, páálí tí àwọn ayàwòrán kọ́míìkì Amẹ́ríkà ń lò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ojú-ìwé tí wọ́n ń tà fún ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dín in kù sí páálí íǹṣì 11 sí 17, tí àwòrán fúnra rẹ̀ kò ju 10 sí 15 lọ. Ìdí nìyí tí ìwé ayàwòrán Walter Simonson lórí akọni Thor, iṣẹ́ ọdún 1980 sókè, fi wà ní nǹkan bí íǹṣì 12 sí 17, nígbà tí ti Wally Wood, tó yàwòrán fún EC, ilé iṣẹ́ kọ́míìkì kan ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1950 sí 1956, jẹ́ íǹṣì 15 sí 22. Ẹ fi tépù wọn àyè tí ẹ ní kí ẹ tó rà á: ìwé Wood tí a bá ṣí sílẹ̀ ń fẹ́ tábìlì tó fẹ̀ ju íǹṣì 30 lọ, kò sì ṣeé gbé lé àyà kà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìbéèrè tó wá wúwo jù ni pé kí ló dé tí àwọn ìtàn kan pé tí àwọn mìíràn kò sì pé. Ọwọ́ ẹni tí páálí náà wà ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ ló ń ka páálí sí tirẹ̀. Wọ́n fi òmíràn ta ọrẹ, wọ́n jù òmíràn nù, wọ́n jí òmíràn. Àárín ọdún 1970 sí 1979 ni Marvel àti DC, ilé iṣẹ́ kọ́míìkì ńlá méjì ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá iṣẹ́ padà fún àwọn ayàwòrán, Jack Kirby, tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn akọni Marvel, kò sì rí ti tirẹ̀ gbà títí di 1987, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú-ìwé tó yà ni wọ́n sì dá padà fún un. Nítorí náà, bí olótùú bá fẹ́ ṣe ìwé Kirby lórí iṣẹ́ ọdún 1960 sí 1969, ó ní láti máa tọ àwọn olówó tó ra ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan lọ, kó máa bẹ̀ wọ́n. Ti EC yàtọ̀ pátápátá. Bill Gaines tó ni ilé iṣẹ́ náà kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo páálí pa mọ́, ó tọ́jú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fi gbàǹjo tà wọ́n, àwọn ìtàn náà sì kúrú, ojú-ìwé mẹ́fà sí mẹ́jọ péré. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn tó pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, EC ni mo máa ń júwe fún un.

Ó wá ku rírà. Ìwọ̀nba ẹ̀dà ni wọ́n ń tẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń lọ sí 100 dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n bá jáde. Bí ó bá ti tán, ọwọ́ ẹni tó rà á tẹ́lẹ̀ ni a ó ti máa rà á ní iye tó bá wù ú. Ẹ má ṣe sáré. Wọ́n máa ń tún àwọn kan tẹ̀, èèpo àtúntẹ̀ sì lè yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kan náà ni, ó sì tó mi. Ẹni tó ń rà á nítorí àtijèrè lọ́la, mi ò bá a sọ̀rọ̀ níhìn-ín. Ẹ yan ayàwòrán kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ràn láti kékeré, kí ẹ ra tirẹ̀, kí ẹ bá a gbé fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ tó ra èkejì.

Bí ó bá jẹ́ àlòkù, ẹ ní kí olùtajà ya fọ́tò igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ìwé, àti àárín rẹ̀ níbi tí wọ́n ti so ó. Igun ló máa ń kọ́kọ́ fọ́, nítorí ìwúwo. Ẹ bi í bóyá ó dúró ṣánṣán lórí pẹpẹ tàbí ó dùbúlẹ̀. Èyí tó ti ń dúró láti ọdún pípẹ́, inú rẹ̀ á ti máa já kúrò lára èèpo láti òkè. Ẹ bi í bóyá ó ń rùn. Ẹni tó bá lọ́ ìdáhùn, ẹ fi í sílẹ̀.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, olùtajà fi ọ̀rá kan ṣoṣo wé e, ó sì kó o sínú àpò. Igun méjì ti fọ́ kó tó dé ọwọ́ mi, kò sì sí owó tó dá padà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń san owó páálí méjì, ọ̀kan nínú èkejì, tí ohun tó rọ̀ wà láàárín wọn, kí n tó san owó ìwé rárá. Ìkejì gba ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Peckham ní London wọlé. Ó ní ìwé náà gba ìdajì àpótí òun, ó sì jẹ nínú kílò 23 tí ọkọ̀ òfuurufú fún un, débi pé ó fi bàtà àwọn ọmọ sílẹ̀. Ó ṣì máa ń rán mi létí bàtà yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun, ẹ sọ ìwọ̀n ìwé náà fún un kó tó di ẹrù rẹ̀, ẹ sì rí i pé àpótí tó ní le, nítorí íǹṣì 22 kò ní wọ inú àpò ọwọ́.

Ní ti ìtọ́jú, ohun tí àwọn ará London ń ṣe kò bá ilé wa ní Ìbàdàn mu. Àwọn máa ń tọ́jú páálí tí ìwé náà bá wá, wọ́n á tún dá a sínú rẹ̀. Bí a bá gbé páálí sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, oúnjẹ ikán la fi sílẹ̀, aáyán á sì wọ inú rẹ̀ lọ bímọ. Mo yọ ìwé kúrò nínú páálí, mo fi aṣọ funfun mímọ́ bò ó, mo sì tẹ́ ẹ sí orí pẹpẹ igi tó fẹ̀ jù ú lọ, tí igun kankan kò fi yọ síta. Mẹ́ta ni mo ń tò léra, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó tóbi jù ló wà nísàlẹ̀. Pẹpẹ náà ga ju orúnkún lọ, ó sì jìnnà sí ògiri díẹ̀, nítorí ògiri wa máa ń làágùn ní oṣù keje. Ẹ má fi ọ̀rá dí i pátápátá. Ọ̀rinrin tó bá há síbẹ̀ á jẹ́ kí ìwé bu. Àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi mu, tí a máa ń bá nínú páálí bàtà, wúlò, ẹ kàn máa pààrọ̀ wọn. Káńfọ̀ ńkọ́? Ẹ fi í sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kó má fara kan ìwé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òórùn rẹ̀ kò ní kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ẹ máa ṣí wọn wò lóṣooṣù, pàápàá nígbà òjò, kí ẹ sì jìnnà sí oòrùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Ó kù díẹ̀ lórí bí a ṣe ń wò ó. Mo máa ń wá ẹ̀dà kékeré aláwọ̀ ti ìtàn kan náà, mo sì ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì, nítorí nígbà tí ojú bá ń lọ tó ń bọ̀ láàárín méjèèjì ni a ń rí ohun tí àwọ̀ ti bò mọ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo etí ojú-ìwé, níbi tí nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ olótùú máa ń wà, kí ẹ tó wo àárín. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá ibi tí ọ̀dà funfun wà, kí ẹ bi ara yín pé kí ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ló jẹ́ àṣìṣe, nígbà mìíràn ayàwòrán fi í ya ìràwọ̀ tàbí òjò sórí dúdú. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo ibi tó dúdú jù. Atẹ̀wé sọ ọ́ di dúdú kan náà nínú ẹ̀dà kékeré, ṣùgbọ́n níhìn-ín ẹ ó rí bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe lọ, láti òkè wá sísàlẹ̀ tàbí láti ẹ̀gbẹ́, àti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́.

Kí ọwọ́ mọ́, kó sì gbẹ. Ọwọ́ méjì ni a fi ń ṣí ojú-ìwé tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, láti igun òkè, díẹ̀díẹ̀, nítorí ó máa ń ká láàárín bí a bá fà á láti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi han ọmọdé, ẹ jẹ́ kó jókòó lórí ọwọ́ ara rẹ̀, kí ẹ máa ṣí i fún un.