Bí Mo Ṣe To Ìwé Iwin, Kọ́míìkì àti Àwo Rọ́ọ̀kì Mi ní Ìran-dé-Ìran

Tipẹ́tipẹ́ ni ìwé mi ti wà ní yàrá, tí àwo orin wà ní pálọ̀, tí kọ́míìkì sì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sóhun tó burú nínú rẹ̀, bí a bá yọwọ́ eruku. Ohun tó sú mi nípa ètò náà ni pé kò jẹ́ kéèyàn rí ẹni tó bí ẹnì kan. Ìwé kan á bí orin, orin á bí àwòrán, síbẹ̀ bàbá ò ní fojú kan ọmọ láéláé. Ni mo bá pinnu pé n ó tò wọ́n ní ìran-dé-ìran: ohun tó bá bí nǹkan, kí òun àti ọmọ rẹ̀ jọ máa gbé ojúlé kan náà, ì báà ṣe ìwé, ì báà ṣe àwo.

Mo kọ́kọ́ tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ ní ọdún sí ọdún, kí n lè mọ ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí àbúrò. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun kan tí mi ò fọkàn sí rí. Ní 1954, Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù gbé My Life in the Bush of Ghosts ti Amos Tutuola jáde. Ní 1954 yìí kan náà, ní Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà, Allen & Unwin gbé apá kìíní The Lord of the Rings ti J. R. R. Tolkien jáde. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford. Ìkejì jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta tó ṣe alágbẹ̀dẹ fún ológun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Hitler, tó sì wá di mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó. Ẹni kékeré ni àwọn méjèèjì jẹ́ kó wọ ibi tí àgbà ń sá fún. Ọmọ ọdún 7 ni ọmọ inú ìwé Tutuola nígbà tó sá fún ogun wọ igbó iwin, ọdún 24 ló sì lò níbẹ̀. Mo gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ilẹ̀, mo sì ti mọ̀ pé ojúlé wọn gbọ́dọ̀ fara kanra.

Ìṣòro tó kàn ni ìwọ̀n. Páálí àwo orin fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 31 níbùú lóòró. Ìwé àròsọ kékeré kì í ga ju 18 lọ. Kọ́míìkì Amẹ́ríkà wà láàárín wọn, ó sì rọ̀ débi pé kò lè dá dúró. Bí a bá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí pẹpẹ gbọọrọ kan, àwo á gbé ìwé mì, kọ́míìkì á sì wólẹ̀. Mo pe káfíńtà àdúgbò wa, mo ní kó bá mi kan pẹpẹ onígun mẹ́rin mẹ́rin, kí ojúlé kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35 lọ́nà gbogbo. Bàbá náà wo ìwé tí mo yà á sí, ó wò mí.

“Ọ̀gá, ṣé ẹyẹlé lẹ fẹ́ máa sìn ni?”

“Rárá o, Bàbá. Ìwé àti àwo ni.”

“Ẹ̀yin náà lẹ mọ̀. Pákó oní-ínǹṣì kan la máa lò, torí àwo yín yẹn, irin ni.”

Òótọ́ ló sọ. Ọgọ́rùn-ún àwo máa ń wúwo ju kílò 20 lọ, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á sì tẹ̀ láàárín ọdún kan. Àǹfààní ojúlé kéékèèké ni pé ògiri inú rẹ̀ ló ń gbé ẹrù náà, kì í sì í jẹ́ kí àwo fẹ̀yìn tì. Òòró gangan ni àwo gbọ́dọ̀ dúró. Bó bá dùbúlẹ̀ tàbí tó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ooru ilẹ̀ wa á ká a kò. Bàbá kun oògùn ikán sí i lẹ́sẹ̀ àti lẹ́yìn, a sì fi àyè sílẹ̀ láàárín pẹpẹ àti ògiri nítorí ọ̀rinrin ìgbà òjò.

Fífọ àwo kò le: omi tí kò ní iyọ̀ nínú, ọṣẹ ìfọbọ́ ẹ̀kán kan, aṣọ tó rọ̀, kéèyàn sì máa tẹ̀ lé ìlà inú rẹ̀ yípo, kó má dà á kọjá. Kí omi má kan bébà àárín. Kọ́míìkì wọ ọ̀rá, mo ki páálí sí i lẹ́yìn. Mi ò fi kàfùrà sí i. Bí òórùn rẹ̀ bá wọ bébà, ó di tiẹ̀ nìyẹn.

Ojúlé tó gbà mí lákòókò jù ni ti Tutuola. Tutuola kọ́ ni bàbá níbẹ̀. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, tó jáde ní 1938, ló gba igun àkọ́kọ́, torí ẹni tó bá ti bá Àkàrà-ògùn wọ igbó yẹn kò ní ṣì ọ̀nà nínú igbó Tutuola. The Palm-Wine Drinkard ti 1952 tẹ̀ lé e. (Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìyẹn di eré orí ìtàgé pẹ̀lú orin Yorùbá ní Ìbàdàn ní 1963, Ọ̀mùtí. Ìyẹn ni pé ìwé yìí ti di orin kí òyìnbó tó yà sí i rárá.) Lẹ́yìn náà ni Bush of Ghosts, tí mo fẹ́ràn ju ti àkọ́kọ́ lọ nítorí iwin obìnrin tó ní tẹlifíṣọ̀n ní àtẹ́lẹwọ́. Ó na ọwọ́ sí ọmọ náà, ọmọ sì rí àwọn ará ilé rẹ̀ nínú ọwọ́ ọ̀hún. Ẹ rántí ọdún: 1954 ni. 1959 ni WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn!

Ọmọ tó wá jókòó ti ìwé yìí ni àwo tí àwọn olórin rọ́ọ̀kì méjì, Brian Eno àti David Byrne, gbé jáde ní 1981, tí wọ́n fún ní orúkọ kan náà, My Life in the Bush of Ghosts. Wọn ò kọ orin fúnra wọn. Ohùn àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n kó jọ láti orí rédíò àti nínú àwo àtijọ́: oníwàásù, ẹni tó ń lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde, akọrin ará Lẹ́bánónì. Wọ́n wá fi ìlù àti gìtá sábẹ́ rẹ̀. Byrne fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àwọn kò tíì ka ìwé náà nígbà tí àwọn mú orúkọ rẹ̀.

Ṣé ọmọ ni, àbí olè orúkọ? Mo gbé e wọlé, mo gbé e jáde. Ohun tó jẹ́ kó dúró ni pé mo fi àwo náà sórí ẹ̀rọ, mo sì ṣí ìwé láti ojú ìwé kìíní. Ohùn tí kò lára ń kígbe, ẹ ò mọ ẹni tó ń bínú sí ta ni, ìlù ò dúró. Bí igbó iwin ṣe rí sí ọmọ ọdún 7 nìyẹn gẹ́lẹ́. Ohun mìíràn tún wà. Byrne àti Eno ti ń gbọ́ Fẹlá gan-an nígbà yẹn. Remain in Light ti Talking Heads, ẹgbẹ́ Byrne, tí Eno bá wọn ṣe ní 1980, fi hàn kedere. Fẹlá, ọmọ Abẹ́òkúta. Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta. Bí àwo yìí kò bá ka ìwé, ó gba ọ̀dọ̀ ọmọ ìyá ìwé kọjá. Mo mú àwo Fẹlá kan kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo fi sí ojúlé náà.

Ojúlé ti Elric yàtọ̀, torí níbẹ̀ gbogbo ọmọ ló mọ bàbá wọn dáadáa. Òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, Michael Moorcock, ló dá Elric sílẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀ ní 1961: ọba tí kò lágbára lára, tí idà dúdú rẹ̀ ń jẹ ẹ̀mí èèyàn láti fún un lókun. Ní 1972 ó yọjú sínú kọ́míìkì Conan the Barbarian ti Marvel, nọ́ńbà 14 àti 15, Barry Windsor-Smith ló yà á, pẹ̀lú fìlà gogoro kan tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 1980, Moorcock bá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Blue Öyster Cult kọ orin “Black Blade” lórí idà náà. Ní 1985, ẹgbẹ́ Hawkwind, tí òun fúnra rẹ̀ máa ń bá ṣeré, gbé odidi àwo kan jáde lórí Elric, The Chronicle of the Black Sword.

Mo gbọ́ méjèèjì tẹ̀léra wọn, èrò mi ò sì fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Orin kan ṣoṣo ti Blue Öyster Cult ju odidi àwo yẹn lọ. Hawkwind fẹ́ ròyìn gbogbo ìtàn, ẹni tí kò bá ka ìwé á sì sọnù sójú ọ̀nà. “Black Blade” mú ohun kan péré, ebi idà náà, ó fi í sẹ́nu ẹni tó dì í mú. Nígbà tó fẹ́ parí, idà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu olówó rẹ̀, ó ń fúnnu. Orin kì í rójú ròyìn bíi ti ìwé. Kó mú ẹ̀ka kan kó fà á ya ló yẹ ẹ́.

Ti Tolkien fẹ́ ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́. “Ramble On” ti Led Zeppelin, 1969, kàn mẹ́nu ba Gollum, ẹ̀dá burúkú inú ìwé Tolkien, ó ní ó jí ọmọge òun gbé. Ẹ̀fẹ̀ ni, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n Blind Guardian láti Jámánì fi Nightfall in Middle-Earth ròyìn The Silmarillion, ìwé Tolkien mìíràn, ní 1998, láti orí dé ìdí rẹ̀ ni mo sì ń gbádùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní àyàfi.

Mo ki káàdì kékeré sínú ojúlé kọ̀ọ̀kan, mo fi pẹ́ńsù kọ ẹni tó bí ẹnì kan síbẹ̀. Bíírò máa ń ṣàn bí ọ̀rinrin bá mú un. Ohun tó ṣẹ́kù ni àwọn tí kò ní bàbá. Àbúrò mi ọkùnrin ló wá bá mi dá sí ìyẹn. Ó na Powerman sókè, ẹ̀dà kan tó ti ya létí: kọ́míìkì tí wọ́n ṣe fún Nàìjíríà ní 1975, tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó méjì, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ń yà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gibbons yìí náà ló yàwòrán kọ́míìkì Watchmen ní ọdún 1986.

“Ẹ̀gbọ́n, ìwé wo ló bí eléyìí?”

“Kò sí.”

“Àwo wo ló bí?”

“Kò sí náà. Bá mi gbé e sọ́dọ̀ BLO.” Chapter One ti ẹgbẹ́ BLO, àwo rọ́ọ̀kì àwọn ọmọ Èkó láti 1973, kò ní ìwé nídìí bákan náà.

“Wọn ò bára wọn tan o.”

“Gbé e sórí ẹ̀rọ kó o máa kà á, wàá gbọ́.”

Ó gbé e sórí ẹ̀rọ, ó ka Powerman tán pẹ̀lú gìtá Berkley Jones létí. Ó ní àwọn méjèèjì bára wọn mu lóòótọ́, àmọ́ Watchmen ló yẹ kó tẹ̀ lé e, kì í ṣe BLO. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nílẹ̀. Bí mi ò bá sí nílé, á gbé Watchmen síbẹ̀. Bí mo bá dé, n ó gbé e kúrò.