Ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní Amẹ́ríkà: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú bí a ṣe ń sọ ọ́

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtàn ogun yìí láti ọdún 1756. Lóòótọ́, oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń para wọn fún ọdún méjì kí ìkéde tó jáde. Ilẹ̀ etí Odò Ohio ló dá ìjà sílẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì ní tàwọn ni, Faransé ní tàwọn ni, bẹ́ẹ̀ àwọn onílẹ̀ jókòó síbẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1754, George Washington, ọmọ ọdún 22 tó ń ṣe ọ̀gá ọmọ ogun Virginia, lọ ká àwọn Faransé kan mọ́ ibùdó wọn ní kùtùkùtù. Tanacharison, olórí kan láàárín àwọn Seneca, ló bá a lọ. Wọ́n pa Jumonville, ọ̀gá àwọn Faransé náà.

Oṣù méjì kò tíì pé tí ẹ̀gbọ́n Jumonville fi kó ogun wá ká Washington mọ́ odi onígi kékeré tí wọ́n ń pè ní Fort Necessity. Òjò ọjọ́ náà kò dá. Omi kún kòtò tí àwọn ọmọ ogun Washington sá sí, ẹ̀tù ìbọn wọn rin gbingbin. Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù keje, ó fọwọ́ sí ìwé ìtúúbá tí wọ́n fi èdè Faransé kọ, èdè tí kò gbọ́. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé ńṣe ni wọ́n ṣìkà pa Jumonville. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti 1756 ti fo gbogbo èyí.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni ti òwe erin méjì tó ń jà, tí koríko ń fara gbá a. Ẹ má fi àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe koríko inú òwe yẹn. Ìyà jẹ wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ológun ni wọ́n, olóṣèlú sì ni wọ́n. Ẹ wò ó: àwọn Faransé tó wà ní Kánádà kò ju bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 70 lọ, nígbà tí àwọn tó wà ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù kan. Ta ló wá bá Faransé dúró fún ọdún wọ̀nyẹn? Ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 1755, nígbà tí wọ́n fọ́ ogun Braddock, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, yángá nítòsí Fort Duquesne, odi àwọn Faransé létí Odò Ohio, tí òun fúnra rẹ̀ sì gba ọgbẹ́ tó pa á, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣẹ́gun rẹ̀.

Àwọn kan náà ló tún yí ogun padà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1758, àwọn aṣojú ẹ̀yà tó lé ní mẹ́wàá bá àwọn gómìnà Gẹ̀ẹ́sì jókòó ìpàdé ní Easton, ní Pennsylvania. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìlérí fún wọn pé àwọn òyìnbó kò ní í wá tẹ̀dó sí ìwọ̀ oòrùn òkè Allegheny. Nítorí ìlérí yẹn, àwọn Lenape àti Shawnee etí Ohio yọwọ́ nínú ìjà. Nígbà tí ogun Forbes, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, sún mọ́ Fort Duquesne ní oṣù kọkànlá, àwọn Faransé tó kù níbẹ̀ dáná sun odi wọn fúnra wọn, wọ́n sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá sọ ti Easton, ẹ ó kàn máa yin Forbes lásán ni.

Ẹ má sì parí ogun náà sí Quebec, ìlú àwọn Faransé ní Kánádà. Ìjà ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1759, tí Gẹ̀ẹ́sì fi gba ìlú náà, dùn ún sọ, nítorí Wolfe, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, kú sójú ìjà, Montcalm, ọ̀gágun Faransé, náà kú láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 1760, Lévis, ọ̀gágun Faransé mìíràn, kó àwọn Faransé padà wá, ó sì ṣẹ́gun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Sainte-Foy, lẹ́yìn odi Quebec kan náà. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n jọ ń retí ló yanjú ọ̀rọ̀: ti Gẹ̀ẹ́sì ló dé. Montréal túúbá ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án.

Ogun náà dé Áfíríkà pẹ̀lú, àwa fúnra wa kì í sábà sọ ọ́. Ní 1758, Gẹ̀ẹ́sì gba Saint-Louis àti Gorée ní Sẹ̀nẹ̀gà, nítorí oje igi àti òwò ẹrú. Nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn Paris ní 1763, wọ́n dá Gorée padà, wọ́n mú Saint-Louis dání.

Àdéhùn yẹn náà ni wọ́n fi gbé Kánádà fún Gẹ̀ẹ́sì láìpe ọmọ ìbílẹ̀ kankan sí i. Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ Fort Pitt sí ibi tí Fort Duquesne wà, ìlérí Easton ti di asán, Pontiac, olórí Odawa, sì gbé ogun dìde. Ẹ ṣọ́ra níbí. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé Amherst, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, ló pàṣẹ pé kí wọ́n fi aṣọ ìbora kó àrùn ṣànpọ̀nná ran àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1763, Lenape méjì wá sọ̀rọ̀ ní Fort Pitt. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì inú odi fún wọn ní aṣọ ìbora méjì àti áńkáṣíìfù kan láti ilé àwọn alárùn ṣànpọ̀nná. William Trent tó wà nínú odi náà kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Oṣù keje ni Amherst tó dábàá irú rẹ̀ nínú lẹ́tà tirẹ̀, nítorí náà ẹ̀bi wà lọ́rùn òun náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣẹ rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé lọ́jọ́ yẹn. Àrùn náà sì ti wà ní agbègbè yẹn kí wọ́n tó fún wọn ní aṣọ. Ẹ má ṣe ka iye òkú kankan mọ́ aṣọ méjì yẹn lórí.