Bí ẹ ṣe máa so ráútà mọ́ módẹ̀mù nínú ilé yín n'Ílé-Ifẹ̀

Módẹ̀mù ló ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé láti ìta, ì báà jẹ́ láti ara okùn fáíbà, láti orí máàsìtì nípasẹ̀ síìmù, tàbí láti ara àwo sátẹ́láìtì orí òrùlé. Ráútà ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń pín in fún fóònù, láptọ́ọ̀pù àti tẹlifíṣọ̀n. Àwọn àpótí kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n sì tó fún akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá kan ní Damico. Bí ilé bá ti ju yàrá mẹ́ta lọ, ráútà tó dá dúró sàn jù, torí pé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìta ti dára kì í sábà jẹ́ ibi tí àwọn ará ilé ń jókòó sí. Ẹ lè gbé módẹ̀mù sójú fèrèsé òkè, kí ẹ gbé ráútà sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan bọ́ sọ́dọ̀ òmíràn, módẹ̀mù nìkan lẹ máa pààrọ̀. Orúkọ Wáì-fáì àti páásíwọ́ọ̀dù tí gbogbo ilé ti mọ̀ á wà bó ṣe wà.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń dàrú ni ojú ibi tí àpótí méjèèjì ti pàdé. Ibẹ̀ la máa pẹ́ sí jù.

Kí ẹ tó náwó

Ráútà tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ ní ihò kan tí wọ́n kọ WAN tàbí Internet sí, èyí tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé láti ìta. Àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀ sí ti àwọn ihò LAN, ti àwọn ẹ̀rọ inú ilé, tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ tó jẹ́ pé ihò DSL nìkan ló fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì. Okùn tẹlifóònù ilé ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Ihò náà kéré, okùn módẹ̀mù yín kò sì ní wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ Lágéré lẹ ti ń rà á, ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín, kí ẹ sì rí orúkọ Wáì-fáì rẹ̀ lórí fóònù yín kí ẹ tó sanwó.

Okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó máa so méjèèjì pọ̀, irú Cat5e tó, Cat6 náà dára. Ó lè gùn tó mítà 100 láìṣe wàhálà. Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò ni inú rẹ̀. Ẹ fi bíléèdì họ ọ̀kan nínú àwọn wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀: bàbà gidi pupa dé inú, èyí tí wọ́n fi bàbà bo alumíníọ̀mù á funfun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Irú kejì yìí tètè máa ń já létí ibi tí ẹ bá ti ká a kò, bí okùn bá sì gùn, kò ṣeé gbọ́kàn lé.

Ẹ wo orí okùn náà, èyí tó mọ́ gaara bíi dígí. Wáyà mẹ́jọ ló yẹ kó wọlé síbẹ̀. Mẹ́rin péré ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì tó yára dé 100 Mbps, kò sì lè kọjá bẹ́ẹ̀. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ń gbé 1,000. Bí ẹ bá máa fúnra yín fún orí rẹ̀, ẹ kọjú ibi tí irin wúrà wà sí ara yín, kí ìkọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, kí ẹ tò ó láti ọwọ́ òsì báyìí: funfun aláwọ̀ ọsàn, ọsàn, funfun aláwọ̀ ewé, búlúù, funfun aláwọ̀ búlúù, ewé, funfun aláwọ̀ bráùn, bráùn. Ọ̀nà kan náà ni kí ẹ tò ó ní orí kejì. Ẹ kíyè sí i pé búlúù ló bọ́ sí àárín ewé méjèèjì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í.

Ẹ dán módẹ̀mù nìkan wò ná

Ẹ má tíì tú ráútà nínú páálí. Ẹ tan módẹ̀mù, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ fi okùn so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn ní tààrà, kí ẹ ṣí ojúewé kan. Bí kò bá ṣí, ráútà kò lè tún un ṣe fún yín. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí lè fi gbogbo ọjọ́ tú ráútà tó dá, nígbà tó jẹ́ pé dátà ló ti tán lórí síìmù.

Lórí módẹ̀mù fáíbà, iná PON gbọ́dọ̀ dúró sójú kan láìṣẹ́jú. Bí iná LOS bá ń tàn pupa, ìmọ́lẹ̀ kò dé inú okùn mọ́: ó ti já níbì kan, tàbí ẹnìkan ti ká a kò jù lẹ́yìn àga. Ẹ pe iléeṣẹ́ yín. Ẹ má fi ọwọ́ yín tú orí okùn fáíbà, ẹ má sì fi ojú wo ẹnu rẹ̀.

Ti módẹ̀mù onísíìmù, ibi tí ẹ gbé e sí ló ṣe pàtàkì jù. Òkè àti àfonífojì ni Ilé-Ifẹ̀. Ilé méjì tó kọjú síra wọn lè má rí máàsìtì kan náà. Ẹ wọ inú ojúewé módẹ̀mù náà (ẹ tẹ nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sínú bùráúsà), ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní RSRP, tó ń sọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máàsìtì ṣe lágbára tó. Bó bá wà láàárín -80 sí -95, ó dára. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá -110, íntánẹ́ẹ̀tì á máa fà. Ẹ gbé e láti fèrèsé kan dé èkejì, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú kan níbì kọ̀ọ̀kan kí nọ́ńbà náà tó fara balẹ̀. Ẹ má gbé e sínú àjà lábẹ́ páànù, torí páànù ń dí i.

Síso wọn pọ̀

Ẹ pa méjèèjì. Ẹ ki orí kan okùn sínú ihò LAN módẹ̀mù, ẹ ki orí kejì sínú ihò WAN ráútà, kó dún kọ́. Ẹ tan módẹ̀mù kọ́kọ́, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ tó tan ráútà. Ọ̀wọ́ yìí ní ìdí: bí ráútà bá ti ń tọrọ nọ́ńbà (àdírẹ́sì IP, tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tí módẹ̀mù kò tíì jí, òfo ló máa bá, àwọn míì kò sì ní tún tètè béèrè.

Ẹ pa dátà fóònù yín. Ìgbésẹ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá pa á, fóònù á rí i pé Wáì-fáì tuntun náà kò tíì ní íntánẹ́ẹ̀tì, á sá padà sórí dátà, ojúewé ráútà kò sì ní ṣí. Ẹ so fóònù mọ́ orúkọ Wáì-fáì tó wà lábẹ́ ráútà, kí ẹ tẹ nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀ sínú bùráúsà. Ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1. Ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù alábòójútó padà lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀ sí ti Wáì-fáì. Òun ni kọ́kọ́rọ́ ráútà fúnra rẹ̀.

Ó máa bi yín irú íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ní. Fún módẹ̀mù onísíìmù, ti sátẹ́láìtì àti ọ̀pọ̀ fáíbà, ẹ mú Dynamic IP, tí àwọn míì ń pè ní DHCP. Bí iléeṣẹ́ fáíbà yín bá fún yín ní orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù, PPPoE ni kí ẹ mú, àfi bó bá jẹ́ pé módẹ̀mù ti ń lo orúkọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ ẹni tó wá fa okùn kó tó kúrò nílé yín.

Bí ẹ bá wá rí 0.0.0.0 níwájú WAN ńkọ́? Ẹ rántí láptọ́ọ̀pù tí ẹ fi dán módẹ̀mù wò. Àwọn módẹ̀mù kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn. Ẹ yọ módẹ̀mù lójú iná fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó lè gbàgbé láptọ́ọ̀pù, kí ẹ tún tò ó tàn bíi ti àkọ́kọ́. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ wá MAC Clone nínú ráútà, ẹ kọ nọ́ńbà MAC láptọ́ọ̀pù síbẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ṣe mọ́ ẹ̀rọ náà.

Nígbà tí àpótí méjèèjì bá ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà

Àìsàn tó wọ́pọ̀ jù nìyí, ó sì máa ń tan ènìyàn jẹ. Wáì-fáì á so, gbogbo iná á tàn, síbẹ̀ ojúewé kankan kò ní ṣí. Ohun tó fà á ni pé módẹ̀mù ń jẹ́ 192.168.1.1, ráútà náà ń jẹ́ 192.168.1.1. Nígbà tí fóònù bá fi ìbéèrè rán ráútà sí ìta, ráútà kò mọ̀ bóyá inú ilé tirẹ̀ ni kó wá ọ̀nà sí tàbí ọ̀dọ̀ módẹ̀mù. Àwọn ráútà tuntun kan ń rí i fúnra wọn, wọ́n á sì yí nọ́ńbà wọn. Ti àtijọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ yọ okùn WAN. Ẹ wọ inú ráútà, ẹ lọ sí ibi LAN, ẹ yí 192.168.1.1 sí 192.168.50.1, kí ẹ fi pamọ́. Ráútà á tún ara rẹ̀ tàn. Ẹ yọ fóònù kúrò lórí Wáì-fáì kí ẹ tún so ó, kó lè gba nọ́ńbà tuntun, lẹ́yìn náà ni kí ẹ dá okùn padà. Láti ìgbà náà lọ, 192.168.50.1 lẹ máa fi wọ ráútà.

Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì ki okùn módẹ̀mù sínú LAN ráútà dípò WAN, ó burú ju èyí lọ, torí àpótí méjèèjì á máa pín nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan náà: fóònù bàbá á ṣiṣẹ́, ti ìyá kò ní ṣiṣẹ́, lọ́la á yí padà.

Lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ pa Wáì-fáì módẹ̀mù, kí ti ráútà nìkan kù. Àwọn kan á ní kí ẹ sọ módẹ̀mù di Bridge, ìyẹn ni pé kó kàn gbé íntánẹ́ẹ̀tì kọjá sí ráútà láìpín nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Fún ìwé kíkà, fídíò àti WhatsApp, kò pọn dandan rárá. Ẹni tó fẹ́ máa wọlé láti ìta sára ẹ̀rọ tó wà nílé, bíi káḿẹ́rà ìṣọ́lé àtijọ́, ló nílò rẹ̀, lórí fáíbà sì ni. Lórí síìmù, nọ́ńbà ìta kan ni iléeṣẹ́ sábà ń pín fún ọ̀pọ̀ oníbàárà, nítorí náà Bridge nìkan kò ní ṣílẹ̀kùn náà.

Wáì-fáì

Fún ààbò, ẹ mú WPA2 (AES) tàbí WPA3, páásíwọ́ọ̀dù tó tó lẹ́tà 12 ó kéré tán, kí ẹ sì pa WPS, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé láìtẹ páásíwọ́ọ̀dù náà. Ẹ ṣí Guest fún àlejò àti ayálégbé, kí wọ́n má bàa máa wọ inú ẹ̀rọ yín.

Wáì-fáì orí ìgbì 2.4 GHz ń lọ jìnnà ṣùgbọ́n ó ń fà. 5 GHz yára ṣùgbọ́n ògiri ń pa á. Ní àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, níbi tí ráútà ogún lè wà nínú ọgbà kan, ẹ má fi 2.4 sílẹ̀ lórí Auto: ẹ yàn láàárín ìkànnì 1, 6 àti 11, èyí tí àwọn aládùúgbò kò lò pọ̀, kí ẹ sì fi ìbú rẹ̀ sí 20 MHz. Ẹ gbé ráútà ga tó orí ènìyàn, kó má wà lẹ́yìn fíríìjì tàbí tẹlifíṣọ̀n.

Nínú àwọn agbo ilé àtijọ́ ní Mọ̀ọ́rè àti Ìlódè, ògiri alámọ̀ nípọn débi pé yàrá ẹ̀yìn kò ní rí nǹkan kan. Ẹ má ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láti fi na Wáì-fáì. Ohun tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní rí pín. Ẹ fa okùn lọ síbẹ̀, ẹ gbé ráútà kejì sí i, ẹ yí nọ́ńbà tirẹ̀ sí 192.168.50.2 (bí ti ráútà àkọ́kọ́ bá jẹ́ 192.168.50.1), ẹ pa DHCP rẹ̀, kó má bàa máa pín nọ́ńbà, kí okùn ti LAN ráútà àkọ́kọ́ wọ LAN rẹ̀. Ibí yìí nìkan ni LAN sí LAN ti tọ́.

Iná

Ẹ wo ara àdápítọ̀ kọ̀ọ̀kan: 12V 1A, 9V, 5V. Ẹ fi lẹ́tà kọ èyí tó jẹ́ ti módẹ̀mù àti èyí tó jẹ́ ti ráútà, torí ẹnu wọn lè bá ara wọn mu, bí 12V bá sì wọ ẹ̀rọ 5V, ó ti jó nìyẹn. Áńpù tó ju tìtẹ́lẹ̀ lọ kò léwu. Fóòtì ló léwu.

UPS kékeré aláìlo íńfátà dára fún ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ara rẹ̀ tàn yín: 8,800 mAh jẹ́ ti bátìrì 3.7V inú rẹ̀, nǹkan bíi 32 Wh. Lẹ́yìn ohun tó ṣòfò, ó kù bíi 27. Bí módẹ̀mù àti ráútà bá ń jẹ wáàtì 12 papọ̀, wákàtí méjì lé díẹ̀ ni.

Nígbà òjò, bí àrá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán, yíyọ àdápítọ̀ nìkan kò tó. Módẹ̀mù tó wà níta lára ògiri àti àwo sátẹ́láìtì ń fi okùn bàbà wọlé, ọ̀nà tí mànàmáná lè gbà dé ráútà nìyẹn. Ẹ yọ okùn WAN pẹ̀lú. Fáíbà kì í gbé iná, àmọ́ àdápítọ̀ módẹ̀mù rẹ̀ ń gbé e, ẹ yọ òun náà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ lo Backup inú ojúewé ráútà, kí ẹ fi fáìlì rẹ̀ pamọ́ sórí láptọ́ọ̀pù. Bí ọmọdé bá fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò Reset fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ohun gbogbo á parẹ́ padà sí ti iléeṣẹ́. Restore á dá a padà láàárín ìṣẹ́jú méjì.